Kẹ́ẹ tó sanwó fún àpótí sípíkà báàsì

Ẹ̀yin tẹ́ẹ̀ ń ta gìtá báàsì n'Ìbàdàn níbí, yálà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ti ń ta á ni o, yálà òde àríyá ni o, ọ̀rọ̀ àpótí sípíkà yìí yẹ ká jókòó sọ ọ́ dáadáa, torí owó ńlá ló ń bá a lọ, ohun tí ọ̀pọ̀ wa sì fi ń yàn án ò tọ̀nà rárá. Béèyàn bá dé ṣọ́ọ̀bù, ìbéèrè méjì ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu: wáàtì mélòó ni, ìnṣì mélòó ni. Ọlọ́jà á ní, "Ọ̀gá mi, ẹgbẹ̀rún wáàtì ni, ìnṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ilé á mì tìtì." Owó á jáde. Bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó lè sọ fún yín nínú méjèèjì bóyá àpótí yẹn á pariwo tó, tàbí bóyá ohùn okùn E yín á ṣì dá yàtọ̀ tí onílù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ tẹ bass drum.

Ámpì tẹ́ẹ ní lọ́wọ́ ni kẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ki wáyà sípíkà bọ̀ ọ́, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ 4 ohms minimum tàbí nǹkan tó jọ ọ́ síbẹ̀. Óòmù ni bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó, bó bá ṣe kéré tó ni iná tó ń fà nínú ámpì ṣe máa pọ̀ tó. Ámpì tó bá ní 4 lòun lè gbà mọ, tẹ́ẹ wá so 2 mọ́ ọn, á gbóná, á máa kú láàárín orin, tí Ọlọ́run ò bá sì yọ ọ́ á jó. Ìṣirò ẹ̀ ò le rárá. Àpótí 8 kan àti 8 mìíràn tẹ́ẹ bá so papọ̀ sára ámpì, 4 ni wọ́n á dà. 4 àti 4 á di 2. 8 àti 4 ò tiẹ̀ pé 3. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fáwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n ra àpótí kan tó jẹ́ 8, tówó bá tún dé wọ́n á ra ìkejì ẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ irú kan náà. Ẹni tó bá ra 4 ti gba gbogbo àyè tó wà lára ámpì ẹ̀ tán, kò sáàyè fún àpótí kejì mọ́. Àmọ́ òun náà ní àǹfààní tiẹ̀ o, torí ámpì tó ń mú 500 wáàtì jáde ní 4 óòmù, tó bá jẹ́ 8 lẹ so mọ́ ọn, bíi 250 sí 300 lẹ máa rí gbà. Tẹ́ẹ bá mọ̀ pé àpótí kan ṣoṣo lẹẹ́ máa gbé kiri títí, ẹ ra 4, kò burú. Ámpì àtijọ́ tó ń lo tube (gílóòbù bíi ti rédíò àtijọ́) ò rí báyìí o, ojú ihò tí wọ́n kọ iye óòmù àpótí yín sí gẹ́lẹ́ ni kẹ́ẹ ki wáyà bọ̀, ẹ má sì ta á láé láìso sípíkà mọ́ ọn.

Ó wá kan wáàtì. Wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn àpótí ni iye iná tí kọ́ìlì sípíkà (wáyà tí wọ́n wé sínú ẹ̀) lè gbà kó tó jó, ariwo kọ́ ló ń sọ. Ohun tó ń sọ ti ariwo ni nǹkan tí wọ́n ń pè ní sensitivity: wọ́n á fún sípíkà ní wáàtì kan péré, wọ́n á gbé ẹ̀rọ sí mítà kan níwájú ẹ̀, wọ́n á wá wọn iye dB, ìyẹn ìwọ̀n ariwo, tó mú jáde. Ẹ jẹ́ ká gbé àpótí méjì síra. Ọ̀kan jẹ́ 94 dB, ó lè gba 400 wáàtì. Ìkejì jẹ́ 100 dB, 100 wáàtì ló lè gbà. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ti 400 lọ́pọ̀ èèyàn á gbé, àmọ́ tẹ́ẹ bá fún un ní gbogbo 400 yẹn, 26 dB ló máa fi kún 94 ẹ̀, ó di 120. Tẹ́ẹ bá fún ìkejì ní 100 ẹ̀, 20 dB ló máa fi kún un, 120 náà ni. Ariwo wọn dọ́gba. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó gbé ti àkọ́kọ́ á tún wá ámpì ńlá tó máa bọ́ ọ, NEPA sì lè mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n gbé wá sóde ò sì lè gbé gbogbo ẹrù yẹn. Gbogbo ìgbà tẹ́ẹ bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, 3 dB péré lẹ rí gbà níbẹ̀, kí ariwo sì tó dà bí ìlọ́po méjì létí èèyàn, á gbà tó 10 dB, wáàtì ìlọ́po mẹ́wàá nìyẹn. Nítorí náà àpótí tó fi 3 dB ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, owó gidi ló bá yín fi pamọ́ yẹn.

RMS, ìyẹn wáàtì tó lè máa gbà láìdúró, ni kẹ́ẹ máa wò tẹ́ẹ bá ń ka wáàtì, ẹ fi peak àti PMPO, nọ́ńbà ńlá tí wọ́n fi ń polówó, sílẹ̀ fún wọn. Àpótí tí wọ́n kọ 2000W gàdàgbà sí níwájú tí RMS ò sì sí níbì kankan lára ẹ̀, ẹ má fi nọ́ńbà yẹn ṣèpinnu.

Nǹkan kan ṣì tún wà tí wọn kì í kọ sẹ́yìn àpótí, òun ló sì ń ba sípíkà báàsì jẹ́ jù. Kọ́ìlì lè gba 400 wáàtì kí bébà sípíkà, ìyẹn ojú ẹ̀ tó ń jáde tó ń wọlé, má lè rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Okùn E wa, 41 Hz (ìgbà mọ́kànlélógójì ló ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ló ń mú jáde, okùn B ti gìtá olókùn márùn-ún jẹ́ nǹkan bíi 31. Bí ohùn bá fi octave kan sọ̀kalẹ̀, ìyẹn tí iye Hz ẹ̀ bá dín sí ìdajì, bébà gbọ́dọ̀ rìn ní ìlọ́po mẹ́rin kí ariwo tó wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ wò ó, ìlọ́po mẹ́rin! Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àpótí fi máa ń dé òpin ìrìn ẹ̀ kó tó gba ìdajì wáàtì tí wọ́n kọ sí i, pàápàá téèyàn bá ti yí bass ámpì dé ìparí, torí 6 dB tẹ́ẹ bá fi kún un níbẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin wáàtì lẹ̀ ń bèèrè lọ́wọ́ ámpì fún ohùn ìsàlẹ̀. Tẹ́ẹ bá ti ń gbọ́ tó ń ṣe pà-pà-pà nígbà tẹ́ẹ ta okùn tó nípọn jù, bébà ti ń gbá òpin ẹ̀ nìyẹn, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tí ámpì yín bá ní high-pass filter, ẹ fi gé gbogbo ohun tó wà lábẹ́ 30 sí 35 Hz dànù, etí yín ò ní mọ̀ pé nǹkan kúrò, sípíkà yín á sì pẹ́ láyé.

Ìnṣì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ gbà pé 15 ló ń mú báàsì ìsàlẹ̀ jáde, pé 10 kò lè ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe kan àpótí àti bí sípíkà inú ẹ̀ ṣe bá a mu ló ń pinnu ibi tí ohùn á sọ̀kalẹ̀ dé. Ohun tí ìnṣì ń sọ ni bí ojú bébà ṣe fẹ̀ tó, ẹ jẹ́ ká sì ṣírò ẹ̀: bébà sípíkà 10 kan fẹ̀ tó 350 níye sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́rin, ti 12 tó 530, ti 15 tó 870. Àpótí oní-10 mẹ́rin wá jẹ́ nǹkan bíi 1400, ó fi jìnnà ju 15 kan ṣoṣo lọ, ó sì lè ti afẹ́fẹ́ jù ú lọ. 12 méjì náà ju 15 kan lọ. Èmi ò bá 15 jà o, àwọn kan wà tí ohùn wọn dùn mọ́ni gan-an fún jùjú àti háíláìfù, àmọ́ ẹ fi etí yàn án, ẹ má fi rúlà yàn án.

Àpótí fúnra ẹ̀ pín sọ́nà méjì. Èyí tí wọ́n dí pa tí kò nihò kankan, àti èyí tó nihò níwájú tàbí lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ inú èyí tí wọ́n dí pa ló máa ń di bébà mú, ohùn ẹ̀ máa ń le, ó máa ń tètè dákẹ́ tẹ́ẹ bá ti gbé ọwọ́ kúrò, báàsì ẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Irú àpótí 8x10 (sípíkà 10 mẹ́jọ nínú àpótí kan) tí ilé-iṣẹ́ Ampeg fi ti ámpì SVT ẹ̀ lẹ́yìn lọ́dún 1969 nìyẹn, 300 wáàtì ni ámpì yẹn nígbà náà, sípíkà ayé ìgbà yẹn ò sì lágbára, ni wọ́n bá pín ẹrù náà sí ọ̀pọ̀ sípíkà. Títí dòní ohùn àpótí yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní lọ́kàn tí wọ́n bá ní báàsì róòkì. Ti oníhò máa ń mú ìsàlẹ̀ jáde jù ú lọ, torí afẹ́fẹ́ inú ihò náà ń kọrin pẹ̀lú sípíkà níbi tí wọ́n ti ṣètò ẹ̀ sí, àmọ́ tẹ́ẹ bá ti lọ sábẹ́ ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ò di bébà mú mọ́, ó dà bí ẹni tó ń fi gbogbo agbára ti ilẹ̀kùn tí ará inú ilé wá ṣí lójijì. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí high-pass tí mo sọ lókè ṣe pàtàkì fẹ́ni tó ń lo olókùn márùn-ún.

Túwítà, sípíkà kékeré tó ń mú ohùn òkè jáde, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Tẹ́ẹ bá ń fi àtàǹpàkò gbá okùn bí àwọn ọmọ gospel ṣe ń ṣe, ẹ máa nílò ẹ̀. Tó bá jẹ́ jùjú tàbí fújì lẹ̀ ń bá wọn ta, ẹẹ́ kàn fẹ́ dín in kù ni, nítorí náà ẹ rí i pé bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dín in kù wà lẹ́yìn ẹ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́.

Ibi tó ṣòro jù wá ni kéèyàn gbé méjì síra kó mọ èyí tó dáa. Ẹ gbé gìtá tiyín dání, gìtá tẹ́ẹ mọ ohùn ẹ̀ sínú, tẹ́ẹ bá sì lè gbé ámpì yín dání náà, ẹ gbé e. Ẹ fi gbogbo bọ́tìnnì ohùn sáàárín gbọnrangandan. Ibi kan náà ni kẹ́ẹ gbé àpótí méjèèjì sí, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, torí kọ̀rọ̀ ilé nìkan lè fi báàsì púpọ̀ kún ọ̀kan tí ìkejì tó wà láàárín yàrá ò ní rí. Lẹ́yìn náà ẹ mú ariwo wọn dọ́gba. Èyí ṣe pàtàkì ju bẹ́ẹ ṣe rò lọ, nítorí èyí tó bá fi díẹ̀ pariwo ju ìkejì lọ ni etí á máa sọ pé ó dáa jù, ọlọ́jà tó mọṣẹ́ ẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá app tó ń wọn ariwo sórí fóònù, ẹ gbé fóònù síbì kan náà, ẹ yí ámpì títí nọ́ńbà méjèèjì á fi bára mu. Ẹ wá ta á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí E tó ṣófo, ẹ máa gùn ún ní fírẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan títí dé kejìlá, ẹ má yára, ẹ máa fetí sí èyí tó bá ṣàdédé wú tàbí tó ṣàdédé rì. Àpótí tó dáa, àwọn ohùn yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fún ọ̀rẹ́ yín ní gìtá, ẹ rìn sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kódà ẹ bọ́ sí títì, torí ohun tẹ́ẹ̀ ń gbọ́ níwájú àpótí ò jọ ohun tí èrò ń gbọ́. Ariwo ọjà, mọ́tò tó ń fọn fèrè, àwọn tó ń pe èrò ọkọ̀, ó wúlò fún yín níbi báyìí, torí àpótí tó bá ṣì dá yàtọ̀ láàárín gbogbo ìyẹn á dá yàtọ̀ láàárín ìlù àti kíbọ́ọ̀dù.

Èyí tó dùn jù tẹ́ẹ dá ta lè má jẹ́ èyí tẹ́ẹ máa fẹ́ láàárín ẹgbẹ́. Èyí tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ kún bámúbámú nínú ṣọ́ọ̀bù, òun ló máa ń pòórá sínú bass drum tó bá dọjọ́ Àìkú. Èyí tí àárín ẹ̀ lágbára, láàárín 200 sí 800 Hz níbẹ̀ yẹn, ló máa ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tẹ́ẹ ta.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ìyẹn Belgium, ẹ mú mítà dání. Ẹ kàn sọ fún ọlọ́jà wọ̀ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fi mítà wò ó ná," ẹni tí ọkàn ẹ̀ mọ́ ò ní bínú. Láìso ó mọ́ ámpì o. Àpótí 8 óòmù gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi 5.5 sí 7 hàn lójú mítà, ti 4 á fi 3 sí 3.8 hàn. Tó bá fi ìlọ́po méjì iye tó yẹ hàn, ó ṣeé ṣe kí sípíkà kan ti kú nínú ẹ̀, tí kò bá fi nǹkan kan hàn rárá, wáyà ti já síbì kan. Ẹ tẹ bébà wọlé jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ìka ọwọ́ méjèèjì lọ́gbọọgba, ó gbọ́dọ̀ wọlé kó sì jáde láìdún. Tẹ́ẹ bá gbọ́ gìrì-gìrì bí ẹni ń fi nǹkan ha ògiri, kọ́ìlì ẹ̀ ti ń fara gbo mágínẹ́ẹ̀tì, ó ti jó rí tàbí ó ti wọ́. Ẹ wá bátìrì 1.5 volt kan, ẹ fi kan ẹnu wáyà ẹ̀ fẹ́rẹ́, kí gbogbo bébà jọ ta jáde tàbí kí gbogbo wọn jọ wọlé. Tí ọ̀kan bá ń ta jáde tí ìkejì ń wọlé, ẹni kan ti tú u tí kò sì dá wáyà ẹ̀ padà bó ṣe wà, báàsì inú ẹ̀ ò ní kún láé títí wọ́n á fi tún un ṣe. Tó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n tú sípíkà kan síta kẹ́ẹ fojú rí i, torí àpótí olórúkọ ńlá tí wọ́n ti ki sípíkà mìíràn bọ̀ kún ìgboro.

Ibi tẹ́ẹ ti máa lò ó ló máa sọ bó ṣe yẹ kó tóbi tó. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré, tàbí ibi ìdánrawò nínú pálọ̀, 12 kan tàbí 10 méjì tó o. Ilé tó ní táìlì nílẹ̀, ògiri sìmẹ́ńtì, páànù lókè, báàsì á máa yí kiri inú ẹ̀, àpótí ńlá ò sì lè wo ìyẹn sàn. Ẹ ti àpótí mọ́ ògiri pátápátá kẹ́ẹ sì dín bass kù, ìyẹn sàn ju kẹ́ẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ lọ. Tí iwájú àpótí bá fi mítà kan jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn, ohùn tó lọ bá ògiri tó sì padà á pa ohùn iwájú ní nǹkan bíi 86 Hz, F tó wà ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta okùn D nìyẹn, ẹẹ́ kàn rí i pé ohùn yẹn ò jáde, ẹẹ́ rò pé gìtá ló bàjẹ́. Òde tí wọ́n ta kánópì sí ní Bódìjà tàbí Akóbọ̀ yàtọ̀, kò sí ògiri tó máa gbá báàsì padà, gbogbo ìgbà tí ẹni tó ń gbọ́ bá sì jìnnà ní ìlọ́po méjì, 6 dB ló ń lọ. Ẹ má gbìyànjú láti fi àpótí yín bọ́ gbogbo òde. Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rọ gba báàsì látinú DI (ihò tàbí àpótí kékeré tó ń gbé ohùn gìtá lọ sínú ẹ̀rọ wọn) sínú sípíkà ńlá tiwọn, kí àpótí yín wà fún ẹ̀yin àti onílù, ẹ sì gbé e sórí nǹkan kó kọjú sí etí yín, torí ọ̀pọ̀ nínú wa, orúnkún wa ni àpótí ń kọrin fún, la wá ń yí ámpì sókè sí i.

Tẹ́ẹ bá máa lo méjì, irú kan náà ni kí wọ́n jẹ́, kẹ́ẹ sì tò wọ́n léra lórí, ẹ má tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lára ámpì transistor, èyí tí kò lo tube, ìkejì yẹn lè fi tó 6 dB kún un. 15 kan pẹ̀lú 10 mẹ́rin táwọn èèyàn fẹ́ràn yẹn, tí àwọn méjèèjì bá jẹ́ 8 óòmù, ìdajì iná lọ sọ́dọ̀ 15 kan ṣoṣo yẹn, 10 kọ̀ọ̀kan sì gba ìdá mẹ́jọ. 15 ló máa kọ́kọ́ kú.

Ẹ ṣì tún ro bí ẹ ṣe máa gbé e. Àpótí 8x10 ti Ampeg tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ó lé ní 60 kílò, kò lè wọ Micra. 12 kan tó ní mágínẹ́ẹ̀tì neodymium tó fúyẹ́, ọwọ́ kan lèèyàn fi ń gbé e, á wọ bùútù Micra, ámpì á sì dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀. Ẹni tí ilé ẹ̀ wà ní agboolé lókè Àrẹ̀mọ tí mọ́tò ò dé iwájú ẹ̀, tó ń tòde dé ní aago méjì òru, ó yẹ kó fi èyí ṣáájú gbogbo nǹkan. 12 méjì tí wọ́n dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fẹ́ràn jù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó gbé ọ̀kan lọ sí ìdánrawò, kó gbé méjèèjì tó bá dòde.

Ti káfíńtà wa ńkọ́? Wọ́n ń kan àpótí tó dáa gan-an n'Ìbàdàn, mo sì fẹ́ kẹ́ẹ lò wọ́n, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n fojú díwọ̀n. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe sípíkà máa ń kọ bí àpótí ẹ̀ ṣe yẹ kó tóbi tó ní lítà àti bí ihò ẹ̀ ṣe yẹ kó gùn tó, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún un. Plywood 18 mílímítà ni kó lò, kó fi igi dábùú inú ẹ̀ kí ògiri àpótí má máa gbọ̀n, kó lẹ̀ ẹ́ pa ní gbogbo oríkèé, torí afẹ́fẹ́ tó bá ń jò níbi tí kò yẹ, á máa súfèé láàárín orin. MDF, pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi tẹ̀, wúwo, tí òjò bá sì kàn án lẹ́ẹ̀kan á wú.

Wáyà tó so ámpì mọ́ àpótí gbọ́dọ̀ jẹ́ wáyà sípíkà. Wáyà gìtá lè bá ihò ẹ̀ mu o, àmọ́ tín-ín-rín ni wáyà inú ẹ̀, á gbóná, ó sì lè ṣe ámpì léṣe. Tí ihò Speakon bá wà lára àwọn méjèèjì, òun ni kẹ́ẹ lò, torí téèyàn bá yí i, ó ti tì pa nìyẹn, ọmọdé tó ń jó kọjá ò lè fẹsẹ̀ fà á yọ.